Ọwọ́ Òsì Randy Weston

Bí ẹ̀rọ gààrí bá ti dákẹ́ ní Ìrókò lálẹ́, tí ọkọ̀ sì ti dín lójú ọ̀nà, mo máa ń gbé fóònù mi sórí àga, kí n fi àwo orin kan tí kò sí ìlù nínú rẹ̀ sí i. Síbẹ̀, ìlù ni mò ń gbọ́.

Cole Porter in a Modern Mood ni àwo náà ń jẹ́. Randy Weston ló ṣe é fún ilé-iṣẹ́ Riverside ní New York ní 1954. Àkọ́bí rẹ̀ ni, àkọ́bí jáàsì ìgbàlódé sì ni fún Riverside náà, nítorí jáàsì àtijọ́ ni wọ́n ń tún tẹ̀ jáde títí di ìgbà yẹn. Ọmọ Brooklyn ni Weston, òpó ènìyàn tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ti ń sọ fún un láti kékeré pé ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni.

Dùùrù Weston àti báàsì Sam Gill nìkan ló wà nínú àwo náà. Ẹni tó bá mọ dùndún yóò tètè dá a mọ̀: ọwọ́ ọ̀tún ń sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, ó ń yí ohùn padà, ó ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì, ọwọ́ òsì wà lójú kan bí gúdúgúdú, kò yẹ̀. Ìsàlẹ̀ dùùrù níbi tí ohùn ti nípọn, tí ọ̀pọ̀ atẹdùùrù máa ń gbà kọjá wéré, ibẹ̀ ni Weston ń tẹ́ ẹní sí. Nígbà mìíràn yóò dákẹ́ pátápátá kó tó tún lu kọ́ọ̀dù kan, bí onílù tó mọ̀ pé oníjó ń retí òun. Ó kọ́ èyí lára atẹdùùrù Thelonious Monk, kò sì fi pa mọ́.

Àbùkù kan ni àwo náà ní: orin tí Cole Porter kọ ni gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí Weston fúnra rẹ̀ kọ. Aṣọ àyálò ni, bó tilẹ̀ bá a lára mu.

Ìlù dé lẹ́yìn. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, wà lára àwọn tó lùlù nínú Uhuru Afrika, àwo Weston mìíràn, ní 1960. Weston wá sí Èkó fúnra rẹ̀ ní 1961. Ní 1963, ó gbé Niger Mambo, orin Bobby Benson, olórin ọmọ Nàìjíríà, sínú àwo rẹ̀, Highlife. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti 1954 ná, kí ẹ tó gbọ́ Niger Mambo. Ọwọ́ òsì kan náà ni.