Asọ̀rọ̀mágbèsì Létí Ọ̀sà

Iṣẹ́ lámèyítọ́ tó kúrú jù lọ tí mo mọ̀ lórí rédíò kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ìyanu wà nínú orúkọ yìí, ẹ̀sùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ tiwa, apààlọ́ kì í tẹ̀ síwájú títí àwọn ọmọdé yóò fi dá a lóhùn. Olórin kì í dá orin láìmọ̀ bóyá elégbè wà lẹ́yìn òun. Ẹni tó kí ni láàárọ̀ tí kò dúró gba ìdáhùn, a ó ní inú ń bí i ni. Ẹ̀rọ yìí dé, ó ń sọ tirẹ̀ lọ. Ní 1932, Bertolt Brecht, òǹkọ̀wé eré ọmọ Jámánì, fi ẹ̀sùn kan náà kan rédíò: ó ní ó yẹ kí ẹ̀rọ tó ń fọhùn lè gbọ́ ohùn, kí olùgbọ́ sì rí àyè sọ tirẹ̀. Odindi ọ̀rọ̀ àsọyé ni ó fi sọ ohun tí Yorùbá kó sínú orúkọ.

Orúkọ náà bá àpótí àkọ́kọ́ mu. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé rédíò oníwáyà wọ Èkó ní oṣù Kejìlá 1935, wáyà ni wọ́n fà wọ ilé àwọn tó ń sanwó, ọ̀rọ̀ BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba inú wáyà náà kọjá. Olùgbọ́ kò lè yí i sí ibòmíràn. Ó lè fi ọwọ́ dín ohùn rẹ̀ kù, kó sì jókòó. Ìkòròdú tó wà létí ọ̀sà náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òpó tí Voice of Nigeria fi ń bá ayé sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kúkúrú fi wà nílẹ̀ Ìkòròdú. Èdè púpọ̀ ló gba orí òpó wọ̀nyẹn kọjá, Faransé, Lárúbáwá, Swahili, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí onílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà fò lọ sí òkè òkun. Ó dùn mí láti sọ, àmọ́ mi ò rí àpẹẹrẹ mìíràn tó fi hàn tó báyìí pé ibi tí òpó dúró sí kọ́ ló ń sọ rédíò di ti ará ìlú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo rédíò yunifásítì tìfura-tìfura. Yunifásítì Èkó ló kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ rédíò ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, ní 2002, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn lórí 103.1 FM ní 2004. Kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ náà. Láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Alfred Opubor ti ṣe olùkọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n tó jà gidigidi kí Nàìjíríà lè ní rédíò alágbègbè. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e: Diamond FM 101.1 ní Yunifásítì Ìbàdàn, Great FM 94.5 ní Ifẹ̀, rédíò Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) 95.7 ní Ọ̀jọ́. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé lé irú rédíò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: kó fi akẹ́kọ̀ọ́ mọṣẹ́, kó sì wúlò fún àwọn tó yí i ká. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ máa ń gbé èkejì mì. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń ro ibi tí yóò ti ríṣẹ́ lọ́la. Ohùn ilé iṣẹ́ ńlá ló ń sín jẹ. Ẹni tí wọ́n bí sí Ṣómólú, tó sì dàgbà síbẹ̀, tó bá ti dé iwájú gbohùngbohùn, ó di kó máa fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù láàárọ̀. Mi ò bá a jà. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ fi iṣẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wé e. Gbenga Adeboye, tó kú ní 2003, kì í dá sọ̀rọ̀ lórí ètò Fúnwọntán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé nínú ọ̀fun kan. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀, èkejì á já a ní koro. Apanilẹ́rìn-ín ni gbogbo ayé pè é, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n èmi rí nǹkan mìíràn níbẹ̀: ọkùnrin náà mọ̀ pé ẹ̀rọ kò gbèsì, ó wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ pèsè èsì náà. Òun ni ìpè, òun ni ègbè. Kola Olawuyi gba ọ̀nà mìíràn. Lórí ètò Nǹkan Ńbẹ, ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló máa ń fi síwájú, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro gbà gbọ́ tó. A lè bá a jiyàn lórí òótọ́ àwọn ìtàn náà. A ò lè ní òun nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì wá oògùn sí àbùkù tó wà nínú orúkọ rédíò, ó sì yẹ kí iṣẹ́ wọn di ìwé kíkà gidi ní àwọn yàrá ìkàwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ rédíò.

Omi ọ̀sà nìkan ló wà láàárín Akókà, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, àti Ìkòròdú. Ìgbì rédíò kì í bẹ̀rù omi, kò sí òkè tí yóò dí i lọ́nà. Etí ló jìnnà. Èdè Ìkòròdú sún mọ́ ti Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Yorùbá tí a fi ń ka ìròyìn jẹ́ Yorùbá ìwé. Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún díjú sí i. Ẹ̀pẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀kan, ti Ìjẹ̀bú àti ti Èkó, láti ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti sá kúrò ní Èkó ní 1851 wá tẹ̀dó síbẹ̀, èyí tí ọdún Káyòkáyò ṣì ń rán àwọn ọmọ wọn létí. Oníròyìn tó bá fi gbólóhùn mẹ́ta ti ọdún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín ìròyìn gómìnà àti ti bọ́ọ̀lù, ti ka ìròyìn lóòótọ́. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀rọ̀ bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti ẹwà nìkan. Ní oṣù Kẹwàá 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn bá Odò Ògùn wálẹ̀, ó sì lé àwọn èèyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Ní 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru ní Ìkòròdú, àhesọ gba ìlú kan débi pé àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kú sọ́wọ́ èrò. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ohùn tí aládùúgbò mọ̀, tó lè bi í léèrè kó sì dáhùn, ṣe pàtàkì ju ohùn tó mọ́ gaara lọ.

Ghana ti la ọ̀nà méjèèjì, ti yunifásítì àti ti alágbègbè, fún wa wò. Radio Univers ti Yunifásítì Ghana ní Legon ti wà láti 1994, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ rédíò. Radio Ada, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 lẹ́nu odò Volta, kì í ṣe ti yunifásítì. Èdè Dangme ni ó ń sọ, apẹja àti àgbẹ̀ sì ń jókòó síwájú gbohùngbohùn fúnra wọn. Èkejì ló bá Ẹ̀pẹ́ mu, nítorí omi àti ẹja. Àmọ́ àkọ́kọ́ ló ní ẹ̀rọ, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ tí kò tíì rẹ̀.

LASU ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹnu rédíò rẹ̀ wà ní Ọ̀jọ́, ní ìpẹ̀kun kejì ìpínlẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ ń bẹ ní ìlà oòrùn, ẹnu ń bẹ ní ìwọ̀ oòrùn. Mi ò ní kí wọ́n gbé òpó. Kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ sí ọjà ẹja Olúwo ní àfẹ̀mọ́jú, kí wọ́n gbé gbohùngbohùn sórí àpótí láàárín àwọn ìyá tó ń ná ọjà, kí wọ́n sì gba àwọn ọmọ náà níyànjú pé fún ìṣẹ́jú ogún àkọ́kọ́, wọn kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun yàtọ̀ sí "Ẹ kú àárọ̀, mà."