Àwọ̀ Ajá àti Iṣẹ́ Ajá

Ọmọ ọmọ mi kan mú ìwé àlọ́ kan wá bá mi láìpẹ́ yìí pé kí n kà á fún òun. Ìwé náà dára lójú. Bébà rẹ̀ ń dán, àwòrán rẹ̀ sì fa ojú mọ́ra. Àlọ́ ọdẹ àti àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé agbára káká ni a fi lè rí àgbàlagbà Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Ọdẹ lọ sí oko ọdẹ, ó so àwọn ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ sílé, àwọn ọ̀tá sì ká a mọ́ orí igi. Bí wọ́n ti ń fi àáké gé igi náà ni ó ń fi orin pe àwọn ajá rẹ̀. Wọ́n gbọ́ láti ilé, wọ́n já okùn, wọ́n dé, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Gbogbo èyí ni òǹkọ̀wé náà sọ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan orúkọ àwọn ajá, mo dákẹ́ ìwé kíkà. Ajá àkọ́kọ́ ń jẹ́ Dúdú, èkejì ń jẹ́ Pupa, ẹ̀kẹta ń jẹ́ Funfun.

N kò mọ òǹkọ̀wé náà, n kò sì ní dárúkọ ìwé rẹ̀, nítorí mo gbà pé inú rere ni ó fi ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ó rò pé Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé ti wúwo jù fún ahọ́n ọmọdé òde òní. Ó sì ṣeé ṣe kí ayàwòrán ti kun àwọn ajá náà tán kí òǹkọ̀wé tó wá orúkọ fún wọn. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ohun tí ó ṣe ju pé ó fi orúkọ kékeré rọ́pò orúkọ gígùn lọ. Ó yí ìtàn náà padà, ó sì yí ojú tí a fi ń wo ajá padà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn orúkọ àtijọ́ wọ̀nyẹn. Nínú wọn, ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan ń gbá ilẹ̀ àti ràwé títí tí ẹ̀jẹ̀ kankan kò fi ní kù síbẹ̀. Iṣẹ́ ni orúkọ náà, àṣẹ sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí ọdẹ bá pe Òkémọkéréwú láti orí igi, kì í ṣe pé ó kàn ń pè é kí ó wá. Ó ń sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó bá dé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í gbá ilẹ̀ ibi tí a kò tíì pa ẹran sí. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá wà lókè igi, tí àáké ń dún nísàlẹ̀, tí ó sì ń ké pe Funfun, kí ni ó ní kí Funfun ṣe? Ọmọ ọmọ mi gan-an bi mí léèrè ìdí tí Pupa kò fi ṣáájú Dúdú. N kò rí èsì fún un. Nínú ìwé yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ṣáájú.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba àlọ́ yìí sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, n kò sì rántí ẹnì kan tí ó sọ àwọ̀ àwọn ajá náà fún mi rí. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ àwọ̀ ọ́ wò. Ẹ wo ìjálá. Ìwé tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1966 fi hàn wá bí oníjàálá ti ń kí ẹranko igbó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ọlọ́lá, ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ oríkì ẹkùn lẹ́nu ọdẹ mọ̀ pé awọ ara ẹkùn kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn láìyìn. Ojú wọn ríran dáadáa. Lójú tèmi, ẹran tí a ó pa ni a ń wò báyẹn, ẹran tí a ó bó awọ rẹ̀, tí a ó tẹ́ ẹ síwájú ọba. Ẹnìkejì ọdẹ nínú òkùnkùn igbó ni ajá. Bí òru bá dúdú, funfun àti pupa di ọ̀kan náà, imú àti àyà ni ó kù. (Ti ajá inú ilé tún yàtọ̀: a máa ń fi orúkọ rẹ̀ pòwe mọ́ aládùúgbò tí a ń bá jà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Èmi náà ti yan ajá nítorí àwọ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ní abo ajá kan tí ó bí mẹ́rin. Mo ń lọ sí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan. Mo mú èyí tí ó funfun, tí dúdú yí ojú rẹ̀ kan ká bí òrùka.

Wọ́n bi mí pé, "Kí ni o rí lára rẹ̀?"

Mo ní, "Ó rẹwà, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì gbà á lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bí àwọn ti ń yan tiwọn hàn mí. Wọ́n mú awọ òyà gbígbẹ kan, wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀ gba inú koríko ẹ̀yìnkùlé kọjá, wọ́n fi í pamọ́ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n wá tú àwọn ọmọ ajá náà sílẹ̀. Ọ̀kan tí irun rẹ̀ rí bí eérú, tí ẹnikẹ́ni kò lè wò lẹ́ẹ̀mejì, gbé imú lé ilẹ̀, ó ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ipa náà ti yà, títí ó fi dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tèmi sùn sínú oòrùn. Wọ́n tún ju ìdérí ìkòkò irin lulẹ̀ lójijì. Gbogbo wọn sá. Bàbá ní àwọn kì í dá ajá tí ó bá sá lẹ́bi. Èyí tí yóò padà wá wo ohun tí ó dún ni àwọn ń wá. Eléèérú padà wá.

Nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí mi, wọ́n kọ́ ajá tèmi náà níṣẹ́. Ní bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, eléèérú ń ṣàìsàn, wọ́n sì mú tèmi nìkan lọ sí igbó. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ajá náà dá wálé, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀gún kan lára rẹ̀. Àwọn ọdẹ àdúgbò tan iná, wọ́n sì wá wọn lọ. Ìmàdò tí wọ́n ti ṣe léṣe ni ó yíjú padà sí wọn, tí ó fi eyín ya itan wọn. Wọn kò kú, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi lọ sí ibi àgbà ń rè ni wọ́n ń tiro. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ajá náà kàn mí rí. Wọ́n ń bọ́ ọ títí ó fi kú.

Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá ṣe irú àṣìṣe yìí, a ó ní ọmọdé ni. Àwọn àgbà tí wọ́n ní ìwé, owó àti ẹgbẹ́ náà ṣe é, ìtàn wọn sì wà ní àkọsílẹ̀. Ní ilẹ̀ Ireland, ajá ọdẹ kan wà tí a ń pè ní Irish Setter. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa sáré yíká pápá gbalasa, kí ó gbóòórùn ẹyẹ tí ó jọ àparò, kí ó sì dúró gbọnyin níbẹ̀ títí ọdẹ yóò fi dé. Láyé àtijọ́, pupa pọ̀ mọ́ funfun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Àwọn ọdẹ kan tilẹ̀ fẹ́ funfun yẹn, nítorí pé ó ń jẹ́ kí wọ́n tètè rí ajá láàrin koríko pupa rúsúrúsú. Lẹ́yìn náà ni ìdíje ẹwà ajá dé. Ní 1859, ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe ọ̀kan tí ó jẹ́ pé ajá ọdẹ nìkan ni wọ́n kó wá. Ojú ni adájọ́ fi ń dájọ́ níbẹ̀, ojú kò sì lè rí imú tí ó ń gbóòórùn. Pupa rẹ́súrẹ́sú láìsí àbùlà ni ó gbayì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Dublin ní 1882, wọ́n sì kọ ìlànà bí ajá náà ṣe gbọ́dọ̀ rí sílẹ̀ ní 1886.

Àwọn olólùfẹ́ ajá yìí máa ń sọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá rẹ̀, Palmerston, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1862. Olówó rẹ̀, Cecil Moore ti ìlú Omagh, rí i pé kò wúlò lóko ọdẹ, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n lọ rì í sómi. Ẹnì kan tí ó rí ẹwà rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun, kí òun máa fi ṣe ìdíje nìkan. Ajá tí ó yẹ kí ó bómi lọ gba ẹ̀bùn káàkiri, gbogbo ènìyàn sì ń gbé abo ajá wọn wá bá a. Inú ọ̀pọ̀ Irish Setter tí ó wà láyé lónìí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Mo ti ka ìtàn yìí lẹ́nu àwọn tí ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. N kò rí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà ni ìyà rẹ̀ ti wá hàn gbangba. Nígbà tí ó fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, irun ajá náà ti gùn, ó ti ń dán bí ẹ̀wù àrán, ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó bá fẹ́ èyí tí yóò ṣiṣẹ́ lè wá a títí. Ní àwọn ọdún 1950, Ned LeGrande ti ìpínlẹ̀ Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwọ̀nba èyí tí ó kù tí ó mọ iṣẹ́ jọ, wọ́n sì mú wọn gun English Setter, ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí imú rẹ̀ kò tíì kú. Iṣẹ́ padà wá. Ní 1975, ẹgbẹ́ àwọn tí ó ni ajá elẹ́wà bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe kọ àwọn àdàmọ̀dì yìí sínú ìwé kan náà mọ́ pẹ̀lú tiwọn, wọ́n sì gbọ́ tiwọn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn olùgbàlà pàápàá kò lè gbàgbé àwọ̀. Pupa ajá yìí jẹ́ irú èyí tí kì í hàn lára ọmọ àfi bí ìyá àti baba bá jọ fún un. Nítorí náà, ọmọ àkọ́bí àdàlù náà kì í pupa. Dípò kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n tún ń mú wọn padà sínú ẹ̀jẹ̀ pupa láti ìran dé ìran títí pupa fi padà. Àwọn tí ó mọ̀ jù lọ pé àwọ̀ ni ó ba nǹkan jẹ́ kò lè fẹ́ràn ajá tí kò ní in.

N kò sọ pé àwọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Funfun ará Ireland yẹn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nínú igbó tiwa, ajá pupa tí ó ń sáré nínú ìgbẹ́ lè dà bí èsúró lójú ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí kan sì nìyí tí a fi ń so agogo kékeré mọ́ ajá lọ́rùn. Bí àwọ̀ bá ní iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ bí a ti ń bi imú. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a kọ́kọ́ bi àwọ̀ léèrè, kí a má sì bi nǹkan mìíràn mọ́. Ní ìlú ńláńlá wa lónìí, mo ti dúró létí ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọ ajá, tí ẹni tí ó fẹ́ ajá tí yóò ṣọ́ ilé rẹ̀ lóru ń mú èyí tí yóò bá mọ́tò rẹ̀ mu. Kò béèrè ìyá rẹ̀. Kò ju ìdérí ìkòkò kankan.

Mo gé bébà pélébé pélébé, mo kọ àwọn orúkọ àtijọ́ náà sí i, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ orí Dúdú, Pupa àti Funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìwé ọmọ náà. Ó kọsẹ̀ lára Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí ó pè é tán ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kò yẹ kí ẹ̀rù ba ọdẹ náà lórí igi mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé àwọ̀ wo ni ajá náà ní gan-an. Mo ní n kò mọ̀.