Mọ́tọ̀ Tó Mọ Ìwọ̀n Ìfà

Nínú gbogbo iṣẹ́ iná, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni yíyan mọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ìkáwáyà. Àwọn kréènì gàgàrà tó ń já ẹrù ní èbúté Lomé ń rìn lórí irin, wáyà iná wọn sì ń tẹ̀ lé wọn. Bí kréènì bá ń jìnnà sí ibi tí iná ti ń wá, kẹ̀kẹ́ á tú wáyà sílẹ̀. Bó bá ń bọ̀, á ká a. Ìfà tó bá le jù á já wáyà nínú. Èyí tó bá dẹ̀ jù á jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀, kréènì á sì gùn ún mọ́lẹ̀.

Ẹ wo àwọn ahunṣọ Kotokoli ní Sokodé àti Bafilo. Wọ́n na òwú jìnnà síwájú òfì, wọ́n gbé òkúta lé ìpẹ̀kun rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń hun ni òkúta ń wọ́ bọ̀, ìfà rẹ̀ kò sì yí padà, ìbáà ku òwú púpọ̀, ìbáà ku díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, torí wáyà tó wé lé e ló ń sọ ọ́ di ńlá.

Tí mo bá dé Koussountou, ohun tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ iná kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, kìlówáàtì mélòó ni?” Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó ká jọ ṣírò ó. Ká ní ìfà tí wáyà fẹ́ jẹ́ Newton 500, kréènì sì ń rin mítà 45 ní ìṣẹ́jú kan. Wáàtì 375 péré nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìbú kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ mítà 1 nígbà tó ṣófo, tó sì di mítà 3 nígbà tó kún, agbára ìyí tó nílò, ìyẹn ìfà lọ́nà ìdajì ìbú, á kúrò ní Newton-mítà 250, á di 750. Ìgbà tó kún ló ń yí jẹ́ẹ́, ìgbà tó ṣófo ló ń sáré. Mọ́tọ̀ kan náà ló máa ṣe méjèèjì, nítorí náà kó tó ìlọ́po mẹ́ta 375, ká tó fi ti ìfarakanra jíà kún un.

Bí kréènì bá dúró, mọ́tọ̀ kò gbọdọ̀ sinmi, ó ṣì ń fà. Fáànù tó so mọ́ ara rẹ̀ kò lè tù ú lára nígbà náà. Fáànù tó dá dúró ni kí ẹ fún un. Bíréèkì tó ń di kẹ̀kẹ́ mú nígbà tí iná bá lọ kò ṣeé yọ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Èrò tèmi ni pé kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wáyà ń gun ara wọn lórí, variateur, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí agbára mọ́tọ̀, ló tọ́ sí i, kó máa dín agbára ìyí kù bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń tú. Kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀, tí wáyà rẹ̀ kò ju ìpele kan tàbí méjì lọ, ìsopọ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì tó o: ojú rẹ̀ kì í ha ara wọn, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kambolé àti Tchamba tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó náwó sí mọ́tọ̀ kankan, ẹ wọn ìbú kẹ̀kẹ́ nígbà tó ṣófo àti nígbà tó kún.