Iṣẹ́ Ẹni Tí Ń Túmọ̀ Orin Eré

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé ọwọ́ tí akọ̀ròyìn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ̀wé nípa rélùwéè náà ni ó fi ń túmọ̀ ọ̀pẹ́rẹ́tà (eré orin aláwàdà) sí èdè rẹ̀. Èmi tí mo ti ń tú orin fún ẹgbẹ́ akọrin láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni iṣẹ́ méjèèjì. Àkókò ni ọ̀gá wọn. Ní ti rélùwéè, Cecil J. Allen, tó kọ̀wé nípa eré sísá ọkọ̀ ojú irin nínú The Railway Magazine láti 1909 títí di 1958, ìṣẹ́jú àti àáyá ni ó fi ń dá ọkọ̀ lẹ́jọ́.

Ní ti ọ̀pẹ́rẹ́tà, ẹ wo La Vie parisienne, tí Jacques Offenbach, ọmọ bíbí Cologne tó sọ Paris di ilé, dá orin rẹ̀ sílẹ̀, tí Meilhac àti Halévy kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí a sì kọ́kọ́ ṣe ní Palais-Royal ní 1866: ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé orin, tí wọ́n ń to orúkọ ìlú tí ọkọ̀ wọn ń dé lẹ́sẹẹsẹ. Geoffrey Dunn sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún ẹgbẹ́ Sadler's Wells ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1961. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé ìtumọ̀ nìkan là ń wá. Rárá o! Orin ti wà nílẹ̀, kò sì ní tìtorí wa yẹ̀. Bí ìlù bá ti dún ni ijó í tẹ̀lé e. Ìparí gbólóhùn ni Faransé í gbé agbára ohùn lé, Gẹ̀ẹ́sì a sì máa tẹ ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí ìlù bá ti wúwo ni sílébù tó wúwo gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Bí ohùn bá gòkè dé ṣónṣó, fáwẹ́lì tí í la ẹnu ni kí a fi síbẹ̀, kí ọ̀fun akọrin má baà fún. Ibi tí èémí bá tán sí ni kí ọ̀rọ̀ tán sí. Àti àwàdà (èyí ló le jù lójú tèmi), ó gbọ́dọ̀ dé etí kí ohùn èlò orin tó bò ó mọ́lẹ̀.

Tiwa tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwọn tó kọ́kọ́ tú orin ìsìn gbé ọ̀rọ̀ wa lé ohùn orin àwọn Òyìnbó, orin sì ń pa ìtumọ̀ jẹ. Ekundayo Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà Kristi ní Èkó, wà lára àwọn tó ṣe akitiyan kí orin lè gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì gbé ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ọ̀pọ̀ òru ni mo ti jókòó ti ìlà kan ṣoṣo títí àkùkọ fi kọ, tí inú mi sì dùn dọ́ba nígbà tí ọ̀rọ̀ àti ohùn bá para pọ̀ ṣọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ètò eré, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi orúkọ olùtúmọ̀ há ìsàlẹ̀ ìwé nínú lẹ́tà wínníwínní mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó dá orin sílẹ̀ ni ipò rẹ̀.