Ìbọn Tó Bá Igbó Mu
Irin tó ń kọ mànà máa ń tú ọdẹ fó. Ojú ẹtu kò fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, àmọ́ ohun tó bá ń dán kì í fo ojú rẹ̀. Ẹ wá wo ṣakabùlà àgbà ọdẹ ní Ìfọ́n, lágbègbè Ọ̀sẹ̀: igi ìdí rẹ̀ ti mu epo àti òógùn títí tó fi dúdú, rọ́bà kẹ̀kẹ́ ló fi wé ibi tó sán, awọ ẹran ló fi ṣe okùn àgbékọ́. Ọ̀dọ́ tó bá fi ọ̀dà kun tirẹ̀ ní tótòtó bíi ti sójà, ó dára lójú o. Ti àgbà ló wù mí jù, torí ó bá gbérí ọdẹ mu. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dà má kan inú ẹnu ìbọn; ibẹ̀ ni ẹ̀tù ń gbà wọlé.