“Jẹ” nínú “Jẹ Gbèsè”: Gbèsè Orílẹ̀-Èdè, Òwe Yorùbá àti Ará Kofar Rini

Nínú òwe Yorùbá, Sókótó ni ìpẹ̀kun ayé. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àwọn àgbà ní inú àpò ṣòkòtò ló wà. Adùn òwe náà wà nínú ìfọ̀rọ̀dárà: orúkọ ìlú àti orúkọ aṣọ jọ ara wọn létí, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ wà láàrin wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò ro ti ará Sókótó fúnra rẹ̀, ẹni tí ìlú náà kì í ṣe òkèèrè fún. Kofar Rini jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, orúkọ rẹ̀ ní èdè Haúsá sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ aró. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń san owó kan tí wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yá a. Gbèsè orílẹ̀-èdè ni owó náà. Bí èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ gbèsè, àti ibi tí èdè náà ti ń ṣi olùgbọ́ lọ́nà, ló yẹ kí lámèyítọ́ tú wò.

Gbèsè, jíjẹ ni Yorùbá ń jẹ ẹ́. Bóyá “jẹ” yìí àti “jẹ” tí a fi ń jẹ iyán jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nìyẹn; etí ẹni tó ń sọ èdè náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Haúsá náà kò yàtọ̀. “Cin bashi” ni wọ́n ń pe gbèsè jíjẹ, “ci” yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń jẹ túwó. Èdè méjì tí kò bá ara tan ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n pàdé níbi èrò kan: ẹnu tó jẹun ló ni ọrùn tó ru gbèsè. Láàrin ẹni méjì, èrò yìí tó. Ọkùnrin tó yá owó ìnáwó òkú bàbá rẹ̀ mọ iye tó gbà, ó mọ ojú ẹni tó yá a, gbogbo àdúgbò ló sì jẹ nínú màlúù tó pa. Òwe tó ní ẹni tó jẹ gbì ni yóò kú gbì kò ní wàhálà kankan níbẹ̀.

Gbèsè Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1978, ìjọba ológun yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkèèrè. Kò sí ẹni tó bi ará Kofar Rini bóyá kí wọ́n yá a. Ìjọba alágbádá tó dé ní 1979 tẹ̀síwájú nínú owó yíyá, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ń yá tiwọn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, Ààrẹ Shehu Shagari gbé òfin ìṣúnnáwó jáde ní oṣù kẹrin 1982. Ọmọ ìpínlẹ̀ Sókótó ni Shagari. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà tó jẹ àti ẹ̀yà tí kò jẹ ni gbèsè orílẹ̀-èdè, kí ó ti ibẹ̀ tún un rò: ọmọ ilé wà lórí oyè, ìyẹn kò sì yọ ará ilé nínú sísan. Ní 1985, ìjọba Babangida ní kí ará ìlú jíròrò bóyá kí Nàìjíríà gba owó lọ́wọ́ IMF. Ará ìlú ní rárá. Ìjọba ní òun ti gbọ́. Ní oṣù keje 1986 ó gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé jáde, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Sáàpù, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí IMF ń béèrè.

Ní 1985 náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní 1987, dọ́là kan di nǹkan bíi náírà 4. Ní 1993, ó di nǹkan bíi 22. Ní oṣù kìíní 1987 wọ́n fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé láti òkèèrè, búrẹ́dì sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń wò lórí igbá olóùnjẹ. Ní oṣù kẹrin 1988, lítà epo bẹntiróòlù kan kúrò ní kọ́bọ̀ 39.5, ó di 42. Ẹni tó ń ra epo lónìí lè fi kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Ọ̀nà Èkó sí Sókótó jìn, gẹ́gẹ́ bí òwe ti sọ. Gbogbo ẹrù tó bá tọ ọ̀nà náà, epo ló ń gbé e.

Òwe kan wà tó dà bí ẹni pé ó rí èyí tẹ́lẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Níhìn-ín, ẹnu kan ló jẹ, ojú mìíràn ni kò sùn. Kò yani lẹ́nu pé àwọn olóṣèlú fẹ́ràn òwe yìí. Ṣùgbọ́n ta ni òwe náà dá lẹ́bi? Ẹni tí kò sùn ni, nítorí kò sọ̀rọ̀. Ó gbà pé inú ilé kan ni wọ́n jọ ń gbé, pé ohùn ẹnìkan lè dé etí ẹnìkejì. Ní 1978 kò sí ilé aṣòfin tí ọ̀rọ̀ ìbá gbà débẹ̀. Ní 1985 wọ́n tilẹ̀ sọ̀rọ̀, jíjẹ kò sì dúró.

Àfiwé tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù wà nínú àṣà kan tó ti di ohun ìgbàgbé. Nígbà mìíràn ẹni tó yá owó fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ni, ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Nínú The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, Samuel Johnson ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́ ni pé iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín owó kù. Èlé ni iṣẹ́ náà. Bí ó ro oko olówó fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ kìíní ni wọn yóò kó sílẹ̀ pé kí ó tó padà sílé. Ní 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sọ fún gbogbo ayé pé gbogbo ohun tí Nàìjíríà yá títí di 1985 tàbí 1986 kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 dọ́là lọ, pé wọ́n ti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 16, síbẹ̀ wọ́n ní ó ku bílíọ̀nù 28. Ìwọ̀fà àtijọ́ tilẹ̀ sàn díẹ̀: owó tirẹ̀ kì í dàgbà.

Kí ló dé tí àwọn òǹkọ̀wé kò fi mú àfiwé yìí lò? Ẹ wo Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání ṣe jáde ní 1999. Ìṣèlú Nàìjíríà ni ìlú Jógbò, kò sí olùwòran tí kò mọ̀ ọ́n. Lápité kọ ìbúra, ó jẹ ọba, òun àti àwọn ìjòyè ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onígẹdú tó ń run igbó àwọn àgbẹ̀. Iṣẹ́ ọnà gidi ni, ó sì sọ òótọ́ nípa olè. Ṣùgbọ́n ojú kòrókòró ni jíjẹ ń wáyé níbẹ̀. Ẹni tó gbé adé lọ́nà àìtọ́ ni ìlù yóò mú. Nínú gbèsè orílẹ̀-èdè, ẹni tó buwọ́ lu ìwé lè ti fi oyè sílẹ̀, kí ó darúgbó sílé rẹ̀, kí èlé ṣì máa lé ọmọ-ọmọ ẹlòmíràn. Ìlù kò mọ bí a ṣe ń mú èlé. Lámèyítọ́ tó bá fi ojú Máàsì wò ó yóò tètè pín Jógbò sí olówó àti mẹ̀kúnnù, yóò sì dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olówó tó ń gba èlé náà kò sí nínú Jógbò rárá.

Èdè àwọn oníròyìn burú ju ti àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ. Ní oṣù kẹwàá 2005, àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ Paris Club gbà láti yọ bílíọ̀nù 18 dọ́là kúrò nínú gbèsè náà, kí Nàìjíríà sì san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12. Ẹni tó bá ní wọ́n “dárí gbèsè jì” Nàìjíríà fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò. Nínú Bíbélì Yorùbá, ní Mátíù orí 6, gbèsè ni wọ́n fi pe ẹ̀ṣẹ̀ nínú àdúrà, nítorí náà ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún àṣìlò yìí. Ẹni tí a dárí jì, ó ti gbà pé òun ṣẹ̀. Ta ló ṣẹ̀ ní Kofar Rini? Ìdáríjì wo ni a sì ń fi bílíọ̀nù 12 rà? “Yọ owó kúrò” ìbá tó.

Gbèsè náà ti padà dé. Ní òpin 2024, àpapọ̀ gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù 144.67 náírà. Ìwé ìròyìn a máa fi iye ènìyàn pín irú owó báyìí, wọn a ní ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan “ń jẹ” iye báyìí. Bí a bá fi ogúnlúgọ̀ ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 220 pín in, nǹkan bíi ₦650,000 ni yóò kan orí kan. Nínú àbọ̀ ìwádìí 2019 tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè gbé jáde, ẹni tí kò rí ₦137,430 ná lọ́dún ni wọ́n kà sí tálákà. Ní ìpínlẹ̀ Sókótó, ìdá 87.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀, tí ti Èkó jẹ́ 4.5. Ìṣirò tó pín gbèsè dọ́gba kò béèrè bí jíjẹ náà ṣe pín. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ní Kofar Rini, tí kò tíì hu eyín, gbólóhùn akọ̀ròyìn ti ní ó jẹ. Bí akọ̀ròyìn náà bá kọ ọ́ pé ìjọba ló jẹ gbèsè, pé ọmọ yìí wà lára àwọn tí yóò san án, gbólóhùn náà yóò gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ àti ẹni tó ń san yóò wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.