Àríwísí lórí Lílo "Aláìdúróṣinṣin" fún Volatile nínú Iṣẹ́ Ògbufọ̀

Ó rọrùn fún ògbufọ̀ láti fi "aláìdúróṣinṣin" dípò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà volatile níbikíbi tí ó bá ti bá a pàdé. Èrò tí ó wà nídìí èyí ni pé ọ̀rọ̀ kan ní ìtumọ̀ kan. Èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti inú èdè Látìn, níbi tí volare ti túmọ̀ sí "fò", ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti yà sí ọ̀nà mẹ́rin, ó kéré tán.

Nínú kẹ́místrì, ohun tí ó tètè ń di afẹ́fẹ́ ni ó ń tọ́ka sí, bí káfúrà inú àpótí aṣọ ṣe ń tán láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Irú rẹ̀ ni epo bẹntiróòlù. Ẹni tí ó bá ka "aláìdúróṣinṣin" lára agolo rẹ̀ lè máa ṣọ́ra kí agolo náà má ṣubú. Kò ní mọ̀ pé afẹ́fẹ́ epo náà, tí kò ṣeé fojú rí, ni iná máa ń ràn mọ́.

Nínú ọrọ̀ ajé, lílọ sókè sódò iye ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìjábọ́ nìkan. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là kan kọjá 1,500 náírà. Ní oṣù Kẹrin, ó wálẹ̀ kọjá 1,200. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, ó ti ju 1,400 lọ padà. Nípa ènìyàn, onínúfùfù ni. Nínú kọ̀ǹpútà, ìrántí tí ohun inú rẹ̀ ń parẹ́ bí iná mànàmáná bá ti lọ ni.

Lóòótọ́, ìperí kan ṣoṣo ni ó ń mú kí èdè ìmọ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n èrò kan ni ó yẹ kí ó ní ìperí kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ìdí tí a ó fi retí ìdáhùn kẹ́místrì tàbí ti ọjà nínú rẹ̀.

Àbùdá èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà hàn. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá sábà máa ń lò: epo a máa di afẹ́fẹ́, iye owó a máa ṣe ségesège, ènìyàn a máa tètè bínú, ìrántí a máa parẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an. "Aláìdúróṣinṣin", tí ó bá ìwà ẹni tí kò ṣeé gbára lé mu jù, kò sọ ìkankan nínú wọn.